Àwọn Tó Ń Ṣọ́ Aláìsàn Lóru: Ìtàn Ìtọ́jú Àrùn Ọpọlọ ní Ìwọ̀-Oòrùn Èkìtì

Ní ọdún 1930, ọ̀nà tó gun òkè lọ sí Ẹ̀fọ̀n-Aláayè kún fún èrò. Joseph Ayọ̀ Babalọlá, tó ti ń wa ọkọ̀ ìtẹ̀nà fún ìjọba kó tó di oníwàásù, ti kúrò ní Òkè-Ooyè ní Iléṣà, níbi tí ìsọjí ńlá ti bẹ́ sílẹ̀ lóṣù keje ọdún náà, ó sì dé Ẹ̀fọ̀n tòun tagogo àti omi àdúrà. Aláayè ìgbà náà, Ọba Aladéjàre Àgúnsóyè Kejì, gbà á tọwọ́ tẹsẹ̀, òun náà sì di onígbàgbọ́. Láti ìlú gbogbo tó yí òkè náà ká ni wọ́n ti ń gbé aláìsàn wá: abirùn, àgàn, ẹni tí ojú ń dùn, ẹni tí orí rẹ̀ ti dàrú.

Ìtàn ìjọ máa ń sọ nípa wòlíì, ó sì máa ń sọ nípa ẹni tó rí ìwòsàn. Ẹni tí ìtàn kì í sábà dárúkọ ni ẹni tó mú aláìsàn wá: ìyá tí kò tíì fojú ba oorun láti ìgbà tí ọmọ rẹ̀ ti ń dá sọ̀rọ̀, ẹ̀gbọ́n tó ń sá tẹ̀ lé àbúrò wọ igbó lóru, ìyàwó tó ti kó gbogbo ọ̀bẹ inú ilé pamọ́. Kí irú wọn tó gbéra nílé, wọ́n ti mọ ohun púpọ̀. Wọ́n mọ ọjọ́ tí oorun kọ́kọ́ dá lójú aláìsàn, oúnjẹ tó kọ̀ láti jẹ, àti ẹni tí kò fẹ́ fojú kàn mọ́. Ní apá ìwọ̀-oòrùn Èkìtì, ọwọ́ irú àwọn olùṣọ́ bẹ́ẹ̀ ni ìmọ̀ nípa àrùn ọpọlọ ti ń bẹ̀rẹ̀ kó tó dé ọwọ́ oníṣègùn, kó tó dé ọwọ́ wòlíì, kó sì tó dé ọwọ́ nọ́ọ̀sì.

Ilẹ̀ náà kì í ṣe àjèjì sí ìwòsàn. Nínú ìtàn Ifá, Alárá àti Ajerò wà lára àwọn ọmọ tí Ọ̀rúnmìlà bí, oyè méjèèjì ló sì wà lórí ìtẹ́ ní Arámọ̀kọ àti ní Ìjerò títí dòní. Kí mọ́tò tó débẹ̀, oníṣègùn tó mọ̀ nípa wèrè ló ń gba irú aláìsàn bẹ́ẹ̀ sílé. Kì í ṣe gbogbo babaláwo ló ń dáwọ́ lé e. Iṣẹ́ tí ọmọ ń kọ́ lọ́wọ́ bàbá ni, ilé tó bá sì ń ṣe é, tọkọtaya àtọmọ ni wọ́n jọ ń ṣe é.

Ẹni tó kọ púpọ̀ sílẹ̀ nípa iṣẹ́ náà nílẹ̀ Yorùbá ni Raymond Prince, dókítà ọpọlọ ará Kánádà tó wá ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn ọpọlọ Arò l'Abẹ́òkúta láàárín 1957 sí 1959. Ó tọ àwọn oníṣègùn lọ sílé wọn, ó bi wọ́n léèrè, ó wo aláìsàn wọn, ó sì tẹ ohun tó rí jáde ní 1964. Ó bá wọn pẹ̀lú ìpínsísọ̀rí tó já gaara. Aṣínwín ni ẹni tí tirẹ̀ bẹ́ sílẹ̀ lójijì, tí ara rẹ̀ sì gbóná. Wèrè ni èyí tó ti pẹ́ lára. Wèrè aláṣọ ṣì ń wọṣọ, ó ń jẹun láàárín àwọn ará ilé, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò bára mu. Ti arúgbó wà lọ́tọ̀, ti ìyá ọmọ tuntun wà lọ́tọ̀. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n tó ń béèrè ibi tó ti wá: ṣé ó wà nínú ìran, ṣé àfiṣe ni, àbí àmútọ̀runwá?

Ẹ wo abísínwín, ti ìyá ọmọ tuntun. Ìwé tí àwọn nọ́ọ̀sì ń kà kìlọ̀ pé ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́ lẹ́yìn ìbímọ ló yẹ kí ojú wà lára ìyá jù lọ. Ìyá àgbà tó ń wẹ ọmọ tuntun ti mọ èyí láìkàwé, nítorí òun ló ń wọlé láàárọ̀ tó sì ń wọlé lálẹ́. Ó ń rí i pé ìyá ọmọ kò sùn kódà nígbà tí ọmọ bá sùn. Ó ń rí i pé ó ń wo ọmọ bí ẹni tó ń wo àlejò, pé ó ń tú aṣọ ká, ó ń ká a, ó tún ń tú u. Kí ẹnikẹ́ni tó pariwo, ìyá àgbà á ti gbé ọmọ sẹ́yìn ara rẹ̀. Àyẹ̀wò ni ìyẹn, ìtọ́jú sì ni pẹ̀lú, nítorí ohun tí nọ́ọ̀sì máa kọ́kọ́ ṣe lónìí náà nìyẹn: kí ọmọ wà ní ọwọ́ ẹni tí ọkàn rẹ̀ balẹ̀, kí ìyá rí oorun sùn.

Oorun gan-an ni oníṣègùn fi ń bẹ̀rẹ̀. Oògùn tó gbajúmọ̀ jù nínú àwọn ilé wọ̀nyí ni egbò asofẹ́yẹjẹ. Wọ́n á gún un tàbí kí wọ́n sè é, aláìsàn á mu ún, inú rẹ̀ á ru, á bì, lẹ́yìn náà oorun á gbé e lọ. Ní 1952, àwọn onímọ̀ iléeṣẹ́ Ciba ní Switzerland yọ èròjà kan tí wọ́n pè ní reserpine lára ìbátan igi yìí tó ń hù ní Íńdíà, nígbà tó sì máa fi di 1954, àwọn ilé ìwòsàn ọpọlọ ní Amẹ́ríkà ti ń fi í mú ara aláìsàn balẹ̀. Èròjà kan náà wà nínú asofẹ́yẹjẹ. Prince gbé àpilẹ̀kọ tirẹ̀ lórí rẹ̀ jáde ní 1960 kí àwọn dókítà òkè òkun lè mọ̀ pé àwọn baba wa ti ń lò ó.

Ṣùgbọ́n oògùn líle ni. Ó ń fa ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀, ẹni tó bá mu ún tó sì dìde wùyà lè ṣubú lulẹ̀. Ó lè sọ ẹni di agbọ̀nrìrì, ó sì lè kó ìbànújẹ́ bá ọkàn. Kò sí òṣùwọ̀n kankan bí kò ṣe ojú àti ọwọ́ àwọn tó ń ṣọ́ aláìsàn: ẹni tó ń bu ẹ̀kọ sí i lẹ́nu nígbà tó bá jí, ẹni tó ń dì í mú lọ sẹ́yìnkùlé, ẹni tó ń tẹ́tí sí bó ṣe ń mí lóru. Níbi tí irú ìṣọ́ bẹ́ẹ̀ bá ti dáa, ewu dín kù.

Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni fi ọ̀rọ̀ dídùn bo ìyókù. Wọ́n ń fi ààbà de ẹsẹ̀ aláìsàn, wọ́n ń fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ so ó mọ́ òpó, àwọn kan sì ń lo pàṣán. Ẹlòmíràn lo oṣù, ẹlòmíràn lo ọdún nínú ìdè. Àlàyé wọn ni pé ẹni tó bá sá wọgbó lè má padà, òótọ́ sì ni pé kò sí ọgbà tó yí abúlé ká nígbà náà. Síbẹ̀ irin jẹ ẹran ara àwọn èèyàn, ìyà sì jẹ ẹni tí kò ṣẹ̀. Ìmọ̀ àti ìyà jọ gbé inú ilé kan náà, ẹni tó bá fẹ́ kọ ìtàn yìí gbọ́dọ̀ kọ méjèèjì.

Ọjọ́ ìtúsílẹ̀ wá ní ẹwà tirẹ̀. Prince ṣàpèjúwe bí wọ́n ṣe ń mú aláìsàn tó ti gbádùn lọ sétí odò, pẹ̀lú aṣọ tó wọ̀ nígbà àìsàn lọ́rùn rẹ̀. Wọ́n á fá orí rẹ̀, wọ́n á fi ẹyẹlé rúbọ, wọ́n á wẹ̀ ẹ́ nínú odò tó ń ṣàn, wọ́n á sì jẹ́ kí omi gbé aṣọ àìsàn lọ. Aṣọ tuntun ló máa wọ̀ padà sílé lójú gbogbo ẹbí. Ilé ìwòsàn ìgbàlódé kò ní ohun tó dà bí èyí. Ìwé ìdásílẹ̀ tí wọ́n fi pẹ́ńsù kọ kò lè sọ fún ará àdúgbò pé kí wọ́n tún gba ọmọ wọn bí ènìyàn.

Ní Ẹ̀fọ̀n, àwọn aládùúrà mú ọ̀nà mìíràn pọ̀n. Wọ́n kọ ẹbọ, wọ́n kọ egbò igi, wọ́n sì kọ oògùn òyìnbó pẹ̀lú. Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe kékeré. Nígbà tí wọ́n rí i pé àwọn míṣọ́nnárì tó wá bá wọn láti Gẹ̀ẹ́sì ń lo kwinín nítorí ibà, ìjà bẹ́ sílẹ̀ lórí rẹ̀ ní ìparí àwọn ọdún 1930, ó sì wà lára ohun tó bí ìjọ Àpọ́sítélì ti Kírísítì, CAC, tí Babalọlá di aṣíwájú nínú rẹ̀. Ó kú ní Ẹdẹ ní ọjọ́ 26 oṣù keje ọdún 1959, Ẹ̀fọ̀n ni wọ́n sì sin ín sí. Àwọn tó ń wá ìwòsàn ń lọ síbẹ̀ títí di òní.

Ohun tí ilé àdúrà fún ẹni tí ọkàn rẹ̀ dàrú kò ṣeé fojú kéré. Ó rí èrò tó yí i ká, ó rí orin, ó rí àkókò tí kò yí padà fún àdúrà àti fún jíjẹ mímu, ó rí ẹni tó ń pe orúkọ rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ààwẹ̀ ọlọ́jọ́ gbọọrọ fún ẹni tí kò tíì sùn, tí omi ara rẹ̀ ti ń gbẹ, lè pa á. Ẹ̀kọ́ láti kọ oògùn wá di ohun tí nọ́ọ̀sì Èkìtì ń bá pàdé lójoojúmọ́: ẹbí tó ń bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n tọ́jú ọmọ àwọn, ṣùgbọ́n tí ẹ̀rù ń bà láti jẹ́ kí abẹ́rẹ́ kan án lára.

Ní ti ìjọba amúnisìn, kò pẹ́ẹ́ sọ. Ó ṣe òfin wèrè ní 1906, ó ṣí ilé wèrè ní Kàlàbá àti ní Yábà. Ti Yábà bẹ̀rẹ̀ ní 1907 nínú ilé tí iléeṣẹ́ rélùwéè ti lò rí. Dókítà Bruce Home yẹ àwọn ilé náà wò ní ìparí àwọn ọdún 1920, Dókítà Robert Cunyngham Brown tún wá ní 1936, àwọn méjèèjì sì bá ibi tó jọ ẹ̀wọ̀n ju ilé ìwòsàn lọ. Wọ́dà ló ń ṣọ́ aláìsàn níbẹ̀. Ó ń ṣọ́ wọn kí wọ́n má baà sá lọ ni, kò sẹ́ni tó kọ́ ọ ní ohun tó yẹ kó máa wò lára wọn. Ní 1944, wọ́n sọ ọgbà ẹ̀wọ̀n àtijọ́ kan ní Lántòrò, Abẹ́òkúta, di ibùdó fún àwọn alárùn ọpọlọ, àwọn ọmọ ogun tí Ogun Àgbáyé Kejì ti ba ọkàn wọn jẹ́ sì wà lára wọn.

Tìtorí èyí ni ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Arò lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá fi jọ ìyanu. Thomas Adéoyè Lambo, ọmọ Abẹ́òkúta tí a bí ní 1923, tó kọ́ ìṣègùn ní Birmingham àti ìtọ́jú ọpọlọ ní London, padà sílé bá ilé ìwòsàn tí wọn kò tíì kọ́ tán. Dípò kó dúró de bíríkì, ó tọ àwọn olórí abúlé tó yí Arò ká lọ ní 1954, ó ní kí wọ́n gba aláìsàn sínú ilé wọn. Onílé ń gba owó ilé, ilé ìwòsàn ń yá wọn lówó láti tún ilé ṣe, ó fa omi ẹ̀rọ wá, ó sì ń gbógun ti ẹ̀fọn. Òfin kan ló le: aláìsàn kò gbọdọ̀ dá wá. Ó gbọ́dọ̀ mú ó kéré tán ẹbí kan wá tí yóò máa se oúnjẹ rẹ̀, tí yóò máa fọ aṣọ rẹ̀, tí yóò sì máa mú un lọ gbàtọ́jú láàárọ̀. Lambo tún pe àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ mọ́ra, ó ń gba ìmọ̀ràn wọn lórí àṣà àti ètùtù.

Olùṣọ́ òru ni Lambo fún ní àyè nínú ilé ìwòsàn. Dókítà kò pọ̀; nọ́ọ̀sì ló ń rìn láàárín ọgbà ilé ìwòsàn àti abúlé, tó ń bi ìyá aláìsàn pé báwo lòru àná ṣe rí, tó sì ń kọ ìdáhùn rẹ̀ sílẹ̀. Kíkọ sílẹ̀ yìí ni ohun tuntun gan-an. Ìyá àgbà mọ̀, oníṣègùn mọ̀, ṣùgbọ́n orí wọn nìkan ni ìmọ̀ wọn wà. Nígbà tí nọ́ọ̀sì ti kọ ọ́ sínú fáìlì pé aláìsàn yìí sùn wákàtí méjì, pé ó jẹ ìdajì oúnjẹ, pé ó rẹ́rìn-ín nígbà tí kò sẹ́ni tó bá a sọ̀rọ̀, nọ́ọ̀sì alẹ́ tó ń bọ̀ lè fi òru méjì wéra.

Ìbéèrè nọ́ọ̀sì ní ìlànà. Ó ń wo ìmúra, ó ń wo ìrìn, ó ń gbọ́ bí ọ̀rọ̀ ṣe ń so kọ́ra. Ó ń béèrè ọjọ́ òní. Ó sì lè béèrè iye ọjọ́ tó kù kí ọjà ìlú ná lọ́wọ́ ìyá àgbà tí kò mọ kàlẹ́ńdà. Ó ń ju òwe sílẹ̀. Bó bá ní, “Bí ewé bá pẹ́ lára ọṣẹ, á di ọṣẹ,” tó sì ní kí aláìsàn sọ ìtumọ̀ rẹ̀, ẹni tí orí rẹ̀ pé á sọ̀rọ̀ nípa ẹgbẹ́ tí èèyàn ń kó. Ẹlòmíràn á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé bí ewé ṣe ń jẹrà nínú ọṣẹ dúdú, kò ní rékọjá ibẹ̀. Gbogbo ayé ni wọ́n ti ń fi òwe yẹ ọpọlọ wò, ṣùgbọ́n ibi tí àgbà kì í sọ̀rọ̀ láìpòwe ni irú àyẹ̀wò bẹ́ẹ̀ ti ń sọ òótọ́ jù.

Èyí tó le jù ni ọ̀rọ̀ ayé. Bí ẹnìkan ní Ìjerò bá ní ayé ń bá òun jà, nọ́ọ̀sì kò lè torí ìyẹn nìkan pè é ní aláìsàn, nítorí ọ̀pọ̀ tí orí wọn pé ló ń sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀gbọ́n tó mú un wá ló gbọ́dọ̀ yíjú sí: ṣé ẹ̀yin náà gbọ́ ohùn tó ń wí yìí? Ṣé aládùúgbò yẹn bá a jà rí? Bí ẹ̀gbọ́n bá mi orí pé rárá, pé òun nìkan ló ń gbọ́ ọ, pé láti ìgbà ìkórè iṣu ló ti ń dí ihò ògiri, ọ̀rọ̀ di òmíràn. Ohun tí ilé kan gbà gbọ́ ni wọ́n fi ń wọn ohun tí ọmọ ilé náà ń sọ, ẹbí nìkan ló sì ní òṣùwọ̀n yẹn lọ́wọ́.

Ìwádìí kan tí Yunifásítì Cornell ní Amẹ́ríkà àti Arò jọ ṣe ní 1961 ní àwọn abúlé Abẹ́òkúta fi hàn pé ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn wà láàárín Yorùbá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn òyìnbó kan ti ń sọ pé kò sí lára aláwọ̀ dúdú. Ara ló máa ń gbà jáde. Roger Mákanjúọlá ti Yunifásítì Ifẹ̀ gbé àpilẹ̀kọ jáde ní 1987 lórí ọdẹ orí: nǹkan ń rìn nínú orí, orí ń gbóná, oorun kò wá, àyà ń já. Nọ́ọ̀sì tí kò bá mọ èyí á fún irú ẹni bẹ́ẹ̀ ní oògùn ẹ̀fọ́rí, á ní kó máa lọ sílé.

Oògùn tuntun dé pẹ̀lú iṣẹ́ tirẹ̀. Chlorpromazine jáde ní Faransé ní 1952, haloperidol tẹ̀ lé e ní Bẹ́ljíọ́mù ní 1958. Fún aláìsàn tó ń ja ìjàkadì, nọ́ọ̀sì ń fa paraldehyde, oògùn tí òórùn rẹ̀ ń gba gbogbo yàrá. Abẹ́rẹ́ onígíláàsì ni wọ́n ń lò fún un, nítorí ó ń jẹ ike. Nígbà tó yá ni abẹ́rẹ́ Modecate dé, èyí tí ẹ̀ẹ̀kan rẹ̀ ń tó ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́rin. Àwọn oògùn yìí ń mú ọrùn gan, wọ́n ń mú itọ́ dà, wọ́n ń mú ọwọ́ gbọ̀n. Ẹbí tí kò sẹ́ni tó ṣàlàyé fún á ní àrùn ti di méjì, wọ́n á sì da oògùn nù. Nọ́ọ̀sì tó mọṣẹ́ máa ń sọ ọ́ ṣáájú. Á fún aláìsàn ní oògùn rẹ̀ àti omi, á dúró tì í kó gbé e mì, á ní kó la ẹnu, kó gbé ahọ́n sókè, á wo abẹ́ rẹ̀, lẹ́yìn náà ni á tó kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó lò ó.

Láti 1968, Àjọ Ìlera Àgbáyé fi Ìbàdàn pẹ̀lú ìlú mẹ́jọ mìíràn láti Yúróòpù, Éṣíà àti Amẹ́ríkà wádìí àrùn schizophrenia. Nígbà tí wọ́n padà lọ wo àwọn aláìsàn náà, ti Ìbàdàn gbádùn ju ti ọ̀pọ̀ ìlú olówó lọ. Àwọn onímọ̀ ṣì ń jiyàn lórí ohun tó fà á. Ẹni tó bá ti rí bí ìyá kan ṣe ń sùn sórí ẹní lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn ọmọ rẹ̀ kò ní jìnnà sí ìdáhùn kan nínú rẹ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́ fún ìwọ̀-oòrùn Èkìtì ni ìpadàbọ̀ sílé. Arò jìnnà, odindi ọjọ́ kan nínú ọkọ̀ akẹ́rù gba Iléṣà, Ifẹ̀ àti Ìbàdàn. Aláìsàn á gbádùn níbẹ̀, á padà sí Òkè-Ìmẹ̀sí tàbí Ìpotì pẹ̀lú oògùn díẹ̀ nínú àpò, oògùn á tán, owó ọkọ̀ kò ní sí, àrùn á tún gbérí, ìdílé á sì tún gbọ̀nà ilé oníṣègùn tàbí ilé àdúrà tó wà ní ọ̀nà ilé. Kì í ṣe àìmọ̀kan ló fà á, ẹsẹ̀ wọn ló mọ níwọ̀n. Àwọn dókítà ọpọlọ Iléṣà sún mọ́ Ẹ̀fọ̀n díẹ̀. Lẹ́yìn tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Èkìtì sílẹ̀ ní 1996, ilé ìwòsàn ńlá ní Adó àti ní Ìdó mú ìtọ́jú wá sítòsí sí i.

Àmọ́ àwọn dókítà ọpọlọ ní gbogbo Nàìjíríà kò tó 300, ìwádìí Oyèwusì Gureje àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní 2006 sì fi hàn pé ìdá 12 nínú ọgọ́rùn-ún àgbàlagbà ló ti ní àrùn ọpọlọ kan tàbí òmíràn rí. Dókítà kò lè ká a. Ní Ọ̀ṣun, tó bá Ẹ̀fọ̀n pààlà, àwọn olùwádìí láti Ìbàdàn kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ìlera alábọ́ọ́dé tó sún mọ́ 200 ní ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́jọ bí wọ́n ṣe lè fi ìwé ìlànà Àjọ Ìlera Àgbáyé yẹ ọpọlọ wò, nọ́ọ̀sì sì pọ̀ nínú wọn. Ó ṣiṣẹ́. Ní Ìjerò, kọ́lẹ́ẹ̀jì ìjọba ìpínlẹ̀ wà tó ń kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ìlera. Àwọn tó ń jáde níbẹ̀ ló ń jókòó ní ibùdó ìlera abúlé, iwájú wọn sì ni abísínwín àti ọdẹ orí máa kọ́kọ́ dé. Àbùkù ńlá ni bí wọ́n bá kúrò níléèwé láìmọ bí wọ́n ṣe ń bi èèyàn bóyá ó ti rò ó láti pa ara rẹ̀.

Ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ kò tíì lọ. Nígbà tí àjọ Human Rights Watch wo ilé 28 káàkiri Nàìjíríà láàárín 2018 sí 2019, wọ́n bá àwọn aláìsàn nínú ìdè nílé oníṣègùn, nínú ṣọ́ọ̀ṣì, nílé àwọn aáfà àti lọ́dọ̀ ìjọba pẹ̀lú. Ní oṣù kìn-ín-ní 2023, Ààrẹ Bùhárí buwọ́ lu òfin ìlera ọpọlọ tuntun, òfin wèrè ti ayé amúnisìn sì kógbá wọlé lẹ́yìn ohun tó lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún.

Gureje àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tún dán ohun kan wò ní ẹkùn Ìbàdàn àti ní Kumasi ní Gánà, tí wọ́n gbé àbájáde rẹ̀ jáde ní 2020. Wọn kò ní kí oníṣègùn ti ilé rẹ̀, wọn kò sì ní kí wòlíì dákẹ́ àdúrà. Nọ́ọ̀sì àti òṣìṣẹ́ ìlera àdúgbò ló ń lọ bá wọn nílé ìtọ́jú wọn, tó ń yẹ aláìsàn wò, tó ń gbé oògùn wá, tó ń bá wọn sọ̀rọ̀ lórí ohun tó lè pa aláìsàn lára. Èèyàn 307 ni wọ́n kà mọ́ ìwádìí náà. Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, àmì àrùn ti rọlẹ̀ gan-an lára àwọn tí wọ́n jọ tọ́jú ju lára àwọn tó gba ìtọ́jú bí wọ́n ti ń ṣe é tẹ́lẹ̀. Ibi tó yẹ kí irú ètò bẹ́ẹ̀ tún ti bẹ̀rẹ̀ ni Ẹ̀fọ̀n-Aláayè, níbi tí ilé àdúrà àti ilé ìwòsàn ìjọba ti jọ wà nínú ìlú kan náà, kí nọ́ọ̀sì kan ní ọjọ́ tó ń gòkè lọ síbẹ̀ pẹ̀lú àpótí oògùn àti ìwé àkọsílẹ̀, kó jókòó ti àwọn ìyá tó ń ṣọ́ ọmọ, kó sì kọ́kọ́ béèrè bí wọ́n ṣe sùn.